Ta Ni Wọ́n Fi Dán An Wò?

Lásìkò tí àrùn kòrónà gbòde ní 2020, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri. Wọ́n á fi sí ìka aláìsàn, á tan iná pupa, kò sì ní pẹ́ tí nọ́ńbà á fi yọ lójú rẹ̀: 97, 94, 89. Pulse oximeter ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹ̀rọ ìka ni n ó máa pè é níbí. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni wọ́n ń wò láti mọ ẹni tí bẹ́ẹ̀dì tọ́ sí, ẹni tí wọ́n máa fún ní ọ́síjìn, àti ẹni tí wọ́n máa ní kó padà sílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n ti fi ohun tí ẹ̀rọ ìka sọ wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára àwọn aláìsàn náà gan-an lásìkò kan náà. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka 92 sí 96, tí ọkàn oníṣègùn fi balẹ̀, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú ló fi hàn pé ọ́síjìn ti lọ sísàlẹ̀ 88 ní ti gidi. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 ni.

Kò sí ẹni tó jókòó sí yàrá kan tó gbìmọ̀ pé kí ẹ̀rọ yìí máa tan aláwọ̀ dúdú jẹ. Ká ní ọ̀dájú kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni, ì bá rọrùn: ẹ mú un, ẹ fìyà jẹ ẹ́, kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan tó ronú kan ọgbọ́n tí ẹ̀rọ ìka ń lò, tó sì gbé e síta ní 1974, ṣe oore tí ọmọ aráyé kò lè san tán. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun nítorí iṣẹ́ abẹ lè máa kú lọ lójú dókítà, kí ẹnikẹ́ni má fura àfìgbà tí ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà. Oṣù Kẹrin 2020 ni Aoyagi kú, nígbà tí ayé ń jà du iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Báwo wá ni iṣẹ́ tí ọlọ́gbọ́n ṣe, tí àwọn ẹni iyì sì tà, ṣe wá ń ṣègbè? Lójú tèmi, ìṣègbè kì í sábà gba inú èrò ọkàn ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ wọlé. Ibi ìdánwò ló ń gbà: ara ta ni wọ́n fi dán nǹkan náà wò, àbájáde wo ni wọ́n gbà pé ó tó, ta ló sì lágbára láti sọ pé kò tíì tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ìwàásù nípa ìwà rere tẹ̀ lé e bí àyè bá ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Iná méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá. Ọ̀kan pupa, ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 660 nanómítà. Èkejì wà ní nǹkan bí 940, ojú ènìyàn kò sì lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé e a máa gbé púpọ̀ nínú iná pupa mì. Ẹ̀rọ ń wo ohun tó ṣẹ́kù nínú iná méjèèjì ní òdìkejì ìka, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ kúlú kúlú níbẹ̀, ó sì ń ṣírò bí ọ̀kan ṣe tó sí èkejì. Títí débí, físíìsì ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò tíì jẹ́ ìwọ̀n ọ́síjìn. Kó tó lè di 97 tàbí 89, ẹ̀rọ ní láti wo àtẹ kan tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àtẹ náà nìyí: wọ́n á kó àwọn tí ara wọn le jọ, wọ́n á ní kí wọ́n máa mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń dín ọ́síjìn inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, títí tí ti inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa sún mọ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí ẹ̀rọ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ. Nítorí náà, nọ́ńbà tó yọ lórí ìka aláìsàn kan ní Adó-Èkìtì lónìí, ara àwọn kan tó yọ̀ǹda ara wọn ní yàrá ìwádìí lókè òkun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí télọ̀ bá fi ara ẹ̀gbọ́n gé aṣọ àbúrò, kò yẹ kó yani lẹ́nu bó bá fún un lápá. Èròjà tó ń mú awọ ara dúdú náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ó sì ń gbé iná pupa mì ju èkejì lọ. Bó bá jẹ́ pé awọ tó mọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe àtẹ, ẹ̀rọ kò ní ìdí láti mọ ohun tí awọ dúdú ń ṣe sí iná rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Wọ́n mọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi sí etí, tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oríṣi mẹ́jọ, wọ́n sì fi ara àwọn aláwọ̀ dúdú dán an wò. Ẹ̀rọ náà tóbi, owó rẹ̀ ga; nígbà tí oníná méjì tó kéré tó sì rọrùn dé, ọjà bá èyí tó rọrùn lọ. Ní 1990, Amal Jubran àti Martin Tobin kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Chest pé àṣìṣe ẹ̀rọ ìka pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ ń bá mí ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní 2005, Philip Bickler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Francisco fi hàn pé bí ọ́síjìn ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni ẹ̀rọ ń sọ ju bó ṣe rí lọ lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Ẹ kíyè sí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí ara aláìsàn ṣe ń burú sí i ni ẹ̀rọ ń purọ́ fún un sí i. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Amy Moran-Thomas, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní MIT, kó àwọn ìwádìí àtijọ́ yìí jọ nínú Boston Review, ó sì bèèrè ìdí tí wọ́n fi wà nílẹ̀ tí nǹkan kan kò yí padà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìwádìí Michigan jáde. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló wà láàárín 1990 sí 2020. Ìmọ̀ kò wọ́n. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn kò sí níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ, àwọn tó sì ń fọwọ́ sí i, kò dùn wọ́n.

Ẹ wo ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lásìkò yẹn. Ní 2013, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìka pé kí wọ́n fi ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán dán an wò, kí méjì nínú wọn, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá pọ̀ jù, jẹ́ ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Méjì nínú mẹ́wàá. Lórí ìwé, wọ́n ti pe gbogbo ènìyàn síbi àsè. Ṣùgbọ́n àbájáde gbogbo wọn ni wọ́n ń pò pọ̀ kí wọ́n tó ṣèdájọ́. Bí ẹ̀rọ bá yẹ lára ẹni mẹ́jọ tó sì yẹ̀ díẹ̀ lára méjì, ó ti yege nìyẹn. Ènìyàn méjì kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá àṣìṣe náà jẹ́ ti awọ wọn tàbí ti ìka wọn tó tutù. Kò tún sẹ́ni tó sọ ohun tó ń jẹ́ dúdú. Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ̀ pé adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àmọ́ lórí fọ́ọ̀mù ilé ìwádìí, inú àpótí kan ni àwọn méjèèjì máa bọ́ sí, ilé iṣẹ́ á sì fi apọ́nbéporẹ́ méjì tẹ́ ìlànà lọ́rùn, á kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ìpòpọ̀ yìí gba ká dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń kọsẹ̀. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru yẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú ènìyàn wò, ti Microsoft, ti IBM àti ti Face++. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn kò le rárá: wo àwòrán yìí, ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Àkójọ àwòrán tó wà nílẹ̀ nígbà náà kún fún ojú funfun, nítorí náà àwọn méjèèjì lọ kó tiwọn jọ, àwòrán àwọn aṣòfin 1,270 láti Rwanda, Senegal àti South Africa níhìn-ín, láti Iceland, Finland àti Sweden lọ́hùn-ún. Ní àpapọ̀, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dáadáa, ẹni tó bá ń tà wọ́n lè fi àpapọ̀ náà polówó láìpurọ́. Ìgbà tí wọ́n pín àbájáde sí ọ̀nà mẹ́rin ni àṣírí tú: lórí ọkùnrin tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àṣìṣe kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìkankan wọn. Lórí obìnrin tí awọ rẹ̀ dúdú, ó dé 34.7 nínú ọ̀kan. Ohun tó tẹ̀ lé e ló wù mí jù. Ní 2019, Buolamwini àti Inioluwa Deborah Raji, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, padà lọ yẹ wọ́n wò. Ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n dárúkọ ti dín àṣìṣe wọn kù gan-an. Àwọn méjì tí wọn kò dárúkọ nígbà àkọ́kọ́, Amazon àti Kairos, ṣì ń ṣe àṣìṣe tó pọ̀ lórí obìnrin tí awọ rẹ̀ dúdú. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì gbà wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó sún wọn ṣe é ni pé ẹnìkan pín nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kà á sí gbangba pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Pínpín nìkan kò tó, ṣá o, bí ohun tí wọ́n ń wọ̀n bá ti yẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn nínú ìwé ìròyìn Science ní 2019. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ń lò láti yan àwọn aláìsàn tó nílò ìtọ́jú àfikún. Kò sí ẹ̀yà ènìyàn nínú ohun tí wọ́n fún un. Iye owó tí wọ́n ti ná lórí aláìsàn ni wọ́n ní kó máa fi díwọ̀n àìsàn rẹ̀, torí pé owó rọrùn láti kà. Àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú ti kéré láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ilé ìwòsàn jìnnà sí wọn tàbí pé wọn kì í dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Nítorí náà ètò náà ka aláwọ̀ dúdú tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ le. Àwọn olùwádìí ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí wọ́n ń yàn á gòkè láti 17.7 sí 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbà pé yíyọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú kọ̀ǹpútà ti tó láti mú kó ṣe ẹ̀tọ́, kó tún ìṣirò yẹn kà.

Ta wá ni ì bá ti sọ fún àwọn tó kọ ètò náà pé owó kì í ṣe àìsàn? Nọ́ọ̀sì èyíkéyìí ì bá ti sọ ọ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń fá a tán kí wọ́n tó pe olórí wá wo dígí. Ọ̀nà mìíràn wà tó ti pẹ́. Ní Norway, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Kristen Nygaard bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin ṣiṣẹ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn. Kò kàn pè wọ́n sí ìpàdé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ohun tí ọ̀gá ti pinnu. Ó kọ́ wọn bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Àdéhùn tó ti ibẹ̀ jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan aṣojú tí yóò máa mójú tó ètò kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, Batya Friedman ní Yunifásítì Washington ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ láti kọ ohun tí ẹ̀tọ́ ń béèrè sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Sasha Costanza-Chock sì ti tẹ̀ síwájú láti sọ nínú ìwé Design Justice ní 2020 pé àwọn tí ẹ̀rọ lè ṣe lọ́ṣẹ́ ló yẹ kó wà níwájú iṣẹ́. Mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ ń pè ní ìfọ̀rọ̀jomitoro-ọ̀rọ̀ lónìí kò ju fọ́ọ̀mù ìbéèrè àti àwòrán ẹ̀rín músẹ́ lọ. Ohun tó wà nínú ti Norway tó ń sọnù nínú tòde òní ni agbára: àwọn òṣìṣẹ́ lè sọ pé rárá, kí iṣẹ́ sì dúró.

Àtakò tí mo gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìka ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Awọ dúdú ń gbé iná mì, wọ́n ní, kí ni ẹ fẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe sí ìṣẹ̀dá? Òótọ́ ni pé awọ dúdú ń gbé iná mì. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá kọ́ ló yan iná méjì dípò mẹ́jọ, ìṣẹ̀dá kọ́ ló sì yan ẹni mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ físíìsì nìkan ni, gbogbo ẹ̀rọ ìka ni ì bá máa ṣe àṣìṣe kan náà. Wọn kì í ṣe é bákan náà. Ti ilé iṣẹ́ kan ń yẹ̀ ju ti èkejì lọ. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti wà láàárín àwọn tó ń ṣe ohun kan náà, ọwọ́ ènìyàn ti wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn rò pé ojútùú rẹ̀ kò le: kí ẹ̀rọ máa yọ nǹkan kúrò nínú nọ́ńbà bó bá ti jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò nínú ìtọ́jú kíndìnrín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń fi nǹkan kún nọ́ńbà ẹni tí wọ́n bá ti kọ aláwọ̀ dúdú sí fáìlì rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ á fi dà bíi pé ó ń ṣe dáadáa ju bó ṣe ń ṣe lọ, tí á sì pẹ́ kó tó kàn án láti gba kíndìnrín tuntun. Ní 2021 ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn kíndìnrín níbẹ̀ ní kí wọ́n pa á tì. Àwọ̀ tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì kò sọ bí awọ ṣe rí. Ọmọ Brazil kan, ọmọ Amẹ́ríkà kan àti ọmọ Ìbàdàn kan lè kọ orúkọ ẹ̀yà kan náà sílẹ̀ kí ìka wọn má jọra rárá. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ mọ awọ, kó wo awọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ilé ìtọ́jú tí kò ní ẹ̀rọ ìka kankan rárá pọ̀ nílẹ̀ wa. Láàárín 2015 sí 2017, àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn àti Yunifásítì Melbourne gbé ètò ọ́síjìn lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí ni pé kíkó ẹ̀rọ ìka lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ́ wọn lò ó, jẹ́ kí àwọn ọmọ tó nílò ọ́síjìn máa rí i gbà sí i. Ṣáájú ìgbà náà, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ọmọ, ojú a sì máa tanni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ká kó ẹ̀rọ wọ̀nyí dànù títí wọn á fi pé kò fẹ́ràn ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yapa sí àwọn alátakò nìyí. Ní Michigan, bí ọkàn dókítà kò bá balẹ̀, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan, kí ẹ̀rọ tó tóbi jù sọ òótọ́ fún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí àṣìṣe náà gan-an nìyẹn. Ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ní ìgbèríko Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó, kò sí ẹ̀rọ kejì tí wọ́n lè fi yẹ ti àkọ́kọ́ wò, nọ́ńbà orí ìka ni ìdájọ́ ìkẹyìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ aláìsàn ti jẹ́ ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú ni àyẹ̀wò kejì ti ṣọ̀wọ́n jù. Bí owó ìdánwò bá pọ̀ lójú ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ rẹpẹtẹ, ẹ̀ẹ̀kan ló máa san án. Aláìsàn tí wọ́n dá padà sílé nítorí nọ́ńbà èké kò ní ìgbà kejì láti san tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins sì fi hàn ní 2022 pé ìdádúró irú èyí wáyé lóòótọ́: ẹ̀rọ ìka jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé oògùn kòrónà ti tọ́ sí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú, ti àwọn kan ni wọn kò tilẹ̀ mọ̀ rárá.

Nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ìjọba Britain gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Margaret Whitehead láti wo ìṣègbè nínú ohun èlò ìṣègùn, ìròyìn wọn sì jáde ní 2024. Ní oṣù Kìíní 2025, FDA dábàá ìlànà tuntun: kí wọ́n fi ènìyàn 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dán ẹ̀rọ ìka wò, kí wọ́n fi àtẹ àwọ̀ awọ mẹ́wàá tí Ellis Monk, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Harvard, ṣe mọ bí awọ ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe rí, kí wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ kò yàtọ̀ lára awọ kan sí òmíràn. Àtẹ àwọ̀ awọ ti Fitzpatrick, tó ti wà ṣáájú ti Monk láti 1975, nítorí bí oòrùn ṣe ń jó awọ ni wọ́n ṣe ṣe é, awọ tó ń tètè jó ló sì fún láyè jù. Láti ẹni mẹ́wàá sí ẹni 150 kì í ṣe ìrìn kékeré. Síbẹ̀ àbá ni wọ́n gbé jáde, kì í ṣe òfin, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún eléré ìdárayá kì í sì í gba ọ̀dọ̀ FDA kọjá rárá. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wọ ọwọ́ aráàlú ní àsìkò kòrónà jẹ́ irú wọn.

Níbí ni àwa tí à ń rà ti ní iṣẹ́ tiwa. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìka tí à ń lò ní Nàìjíríà ti ń wá, ṣùgbọ́n NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa, ló ń forúkọ ohun èlò ìṣègùn sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló sì ń rà á lọ́pọ̀. Ìwé ìpè fún ọjà lágbára ju lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ. Wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tà fún wọn ní láti mú àbájáde ìdánwò rẹ̀ wá, kí ti awọ tó dúdú jù dá dúró gedegbe, kì í ṣe ní àpapọ̀. Kó sọ iye ènìyàn tó wà nínú ìsọ̀rí yẹn. Kó sì gbà pé bí àwọn nọ́ọ̀sì bá kọ ìròyìn àṣìṣe ránṣẹ́, òun á dáhùn láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á dá owó padà. Wọ́n tún lè ní kí wọ́n dán in wò ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kí wọ́n tó san gbogbo owó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà.

Àwọn ẹ̀rọ tó ti wà nínú àpò aṣọ dókítà àti nọ́ọ̀sì báyìí kò ní parẹ́ lọ́la, ó sì yẹ kí àwọn tó ń lò wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. FDA kìlọ̀ ní oṣù Kejì 2021 pé kí oníṣègùn máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń yí padà ju kó gbára lé nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ, kó sì máa wo aláìsàn fúnra rẹ̀: bó ṣe ń mí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré. Lára ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú, ó yẹ kí wọ́n tètè gbé ọ́síjìn sún mọ́ ọn kí nọ́ńbà tó dé ààlà tí wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí pé àwọn tí wọ́n fi ara wọn wọn ẹ̀rọ kò jọ ọ́. Aláìsàn tó bá sì bọ́ láti 98 sí 93 láàárín wákàtí díẹ̀ ti ń sọ nǹkan, bí 93 tilẹ̀ ṣì wà lókè ààlà.